Kíndìnrín Tuntun, Ṣúgà Tuntun: Owó Iṣẹ́ Tí Oògùn Ẹ̀ṣọ́ Ń Gbà

Kò sí ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba owó iṣẹ́. Ọdẹ tó ń fi òru ṣọ́ àdúgbò, gbogbo onílé ní í dá owó fún un ní ìparí oṣù; ajá tó ń gbó lẹ́nu ọ̀nà, dandan ni kí a bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn oògùn tí a ń lò láti fi ṣọ́ ẹ̀yà ara tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ara wa má baà kọ̀ ọ́. Wọ́n ń ṣọ́ ọ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá sì ti kú bí kò bá sí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó iṣẹ́ wọn lára ẹni tí wọ́n ń ṣọ́, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n sì ti ń gbà á ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń pèsè ínsúlínì fún wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìdílé mi gbọ̀ngbọ̀n. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n gbé ọ̀kan nínú kíndìnrín mi méjèèjì sí ara àbúrò mi ọkùnrin. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba tirẹ̀ jẹ́. Kò ní àtọ̀gbẹ rárá. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹbí sì dúpẹ́. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, àyẹ̀wò fi hàn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Bákan náà ni. Àtọ̀gbẹ ti dé.

Ó wá bá mi nílé ní ọjọ́ Àìkú kan, ó kó àwọn páálí oògùn rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní kíndìnrín, n kò lè dúpẹ́ yín tán láéláé. Ṣùgbọ́n dókítà ní oògùn tí mo fi ń pa ẹ̀bùn yín mọ́ náà ló ń gbé ṣúgà mi sókè. Ṣé kì í ṣe pé a jáde nínú ọ̀fìn, a tún kó sí kòtò? Mo rò pé kí n dín oògùn yìí kù fúnra mi."

N kò ní èsì fún un lọ́jọ́ náà ju pé kó má tíì ṣe ohunkóhun títí a ó fi jọ rí dókítà rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, mo sì rí i pé àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń bá ìbéèrè kan náà jìjàkadì fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá àwọn tó ń gbìyànjú láti wo àtọ̀gbẹ sàn nípa gbígbin sẹ́ẹ̀lì tuntun sí ara aláìsàn. Ohun tí ojú wọn rí ló la ọ̀rọ̀ àbúrò mi yé mi.

Erékùṣù tó wà nínú wa

Lẹ́yìn àpòlúkù wa ni ẹ̀yà ara kan wà tó gùn tó ìwọ̀n sẹ̀ntímítà 15, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní páńkíríàsì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ ń pèsè omi tó ń da oúnjẹ nínú ìfun. Ní ọdún 1869, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Berlin, Paul Langerhans, fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wo páńkíríàsì, ó sì rí àwọn ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan tí kò jọ àwọn yòókù, tí wọ́n fọ́n káàkiri bí erékùṣù láàárín òkun. Kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn tó fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n: erékùṣù Langerhans.

Irú erékùṣù bẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù kan nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, síbẹ̀ bí a bá kó gbogbo wọn jọ, wọn kò ju ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 páńkíríàsì lọ. Inú wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a ń pè ní beta wà, àwọn ló sì ń ṣe ínsúlínì. Ínsúlínì ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn ara fún ṣúgà kí ó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kí iṣan àti ọ̀rá lè rí i lò. Láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú ni erékùṣù wọ̀nyí ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ṣúgà bá gòkè, wọ́n á tú ínsúlínì sílẹ̀. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, wọ́n á dáwọ́ dúró.

Nínú irú àtọ̀gbẹ kan, tó sábà máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń dìde sí àwọn sẹ́ẹ̀lì beta tí wọ́n sì ń pa wọ́n. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Kí ọdún 1922 tó dé, ọmọ tí irú rẹ̀ bá mú kì í pẹ́ kú. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì ní ìlú Toronto, ní Kánádà, láti ìgbà náà sì ni abẹ́rẹ́ ti ń dá ẹ̀mí sí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò lè tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò bí erékùṣù ti ń ṣe. Bí ó bá pọ̀ jù, ṣúgà á já wálẹ̀ lójijì, ènìyàn á máa làágùn, ojú rẹ̀ á ṣú, ó sì lè dákú. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń ronú pé: bí erékùṣù ẹni bá ti parun, ṣé a kò lè gbin tuntun?

Àwọn tó kọ́kọ́ gbin erékùṣù

Ní ọdún 1972, Paul Lacy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, gbin erékùṣù sí ara àwọn eku alátọ̀gbẹ, ṣúgà àwọn eku náà sì padà sí ipò. Láti eku dé ènìyàn jìnnà. Páńkíríàsì ènìyàn le, ó sì ṣòro láti yọ erékùṣù inú rẹ̀ láìbà wọ́n jẹ́. Ní ọdún 1988 ni Camillo Ricordi ṣe àlàyé ìkòkò onírin kan tí wọ́n ń fi oògùn tú páńkíríàsì nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí erékùṣù á fi jáde lódidi. Wọ́n á gba páńkíríàsì lára ẹni tó ti kú tí ẹbí rẹ̀ sì yọ̀ǹda, wọ́n á yọ erékùṣù inú rẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀pá tín-ín-rín kan dà wọ́n sínú iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ìfun lọ sí ẹ̀dọ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n á fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti máa ṣe ínsúlínì.

Ọ̀tá méjì ló ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Èkíní ni ogun tí gbogbo ara ń dìde láti bá àlejò jà. Èkejì ni àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tó pa erékùṣù ẹni náà tẹ́lẹ̀, tí wọn kò tíì gbàgbé ojú ọ̀tá wọn. Nítorí náà, aláìsàn gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ní ojoojúmọ́ ayé rẹ̀. Irú oògùn náà ni mo ń pè ní oògùn ẹ̀ṣọ́.

Láti ọdún 1990 títí di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, 267 ìgbà ni a gba àkọsílẹ̀ pé wọ́n gbin erékùṣù láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Ìdá 8.2 péré nínú 100 ni ó mú kí aláìsàn bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ínsúlínì ju ọdún kan lọ. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n fura sí jẹ́ oògùn ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Prednisolone àti àwọn ẹbí rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn náà. Oògùn yìí lágbára láti pa ogun ara rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, ó ń mú kí iṣan kọ etí ikún sí ínsúlínì, ó sì ń dín ínsúlínì tí sẹ́ẹ̀lì beta ń tú jáde kù. Ẹ wo ìṣòro náà: wọ́n gbin irúgbìn díẹ̀ sórí ilẹ̀, wọ́n sì fi oògùn tó ń di ẹrù kún ẹrù fún irúgbìn náà ṣọ́ ọ.

Àwọn dókítà ní Yunifásítì Alberta, ní ìlú Edmonton ní Kánádà, tí James Shapiro jẹ́ aṣáájú wọn, pinnu láti yọ prednisolone kúrò pátápátá. Wọ́n lo sirolimus, wọ́n fi ìwọ̀nba tacrolimus díẹ̀ kún un, wọ́n sì fi oògùn kẹta tó ń jẹ́ daclizumab ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún rí i dájú pé erékùṣù tí wọ́n gbìn pọ̀ tó, débi pé ènìyàn kan ń gba ti òkú méjì ó kéré tán. Ní ọdún 2000 ni wọ́n gbé èsì wọn jáde: aláìsàn méje ni wọ́n tọ́jú, àwọn méjèèje ló bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Ayọ̀ gba gbogbo ayé ìṣègùn kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Nígbà tí ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù gbìyànjú irú rẹ̀ fún ènìyàn 36, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní ọdún 2006, àwọn 16 ni kò nílò abẹ́rẹ́ ní òpin ọdún kan. Nínú àwọn 16 náà, márùn-ún péré ni ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ ní òpin ọdún kejì. Ní Edmonton fúnra rẹ̀, bí ọdún márùn-ún ti ń pé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ṣì wà láìgba abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú: nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ṣì ní erékùṣù tó ń ṣe ínsúlínì díẹ̀, díẹ̀ náà sì ràn wọ́n lọ́wọ́ kí ṣúgà wọn má baà já wálẹ̀ lójijì. Ẹni tó ti ń bẹ̀rù láti sùn ní òru kó má baà dákú mọ́jú yóò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Kọ́kọ́rọ́ kan, ilẹ̀kùn méjì

Kí ló ń pa àwọn erékùṣù náà? Kì í ṣe ohun kan. Ọ̀pọ̀ ń kú ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó bá wọn pàdé máa ń dì mọ́ wọn lára tí ara á sì gbiná. Ogun ara ń pa àwọn mìíràn. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ń rẹ àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀ṣọ́ ní ipa tirẹ̀, bí ó sì ti ń ṣe é ni mo fẹ́ kí a dúró wò.

Inú ilẹ̀ ni mẹ́ta nínú àwọn oògùn wọ̀nyí ti wá. Láti ara ohun tó dàbí ẹ̀bu kan nínú iyẹ̀pẹ̀ òkè Nọ́wè ni wọ́n ti rí ciclosporin. Láti ara bakitéríà inú iyẹ̀pẹ̀ Tsukuba ní Japan ni wọ́n ti rí tacrolimus ní ọdún 1984. Ní ti sirolimus, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bù ní ọdún 1964 ní erékùṣù Rapa Nui, láàárín òkun Pàsífíìkì, ni wọ́n ti rí bakitéríà tó ń ṣe é.

Tacrolimus ni ó wọ́pọ̀ jù lónìí, òun náà sì ni àbúrò mi ń lò. Nínú ọmọ ogun ara, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní calcineurin. Òun ló dàbí kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ilẹ̀kùn kí ọmọ ogun lè gbọ́ ìpè ogun. Tacrolimus á di kọ́kọ́rọ́ náà mú, ilẹ̀kùn kò ní ṣí, ogun kò ní jà. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì beta náà ń lo kọ́kọ́rọ́ kan náà gan-an láti ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀, èyí tó ń mú kí ó ṣe ínsúlínì kí ó sì bí sẹ́ẹ̀lì mìíràn rọ́pò àwọn tó ti gbó. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé èsì kan jáde: wọ́n yọ calcineurin kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì beta àwọn eku, bí àwọn eku náà sì ti ń dàgbà, sẹ́ẹ̀lì beta wọn kò pọ̀ sí i bó ṣe yẹ, àtọ̀gbẹ sì mú wọn. Oògùn kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ọmọ ogun nìkan ni a rán òun sí. Ibi tó bá ti rí kọ́kọ́rọ́ náà ni yóò ti dì í mú.

Sirolimus ń gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró kí ó má baà bí sí i. Bí ó ti ń dá ọmọ ogun dúró ni ó ń dá sẹ́ẹ̀lì beta dúró, ó sì ń dí ìdàgbàsókè iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, erékùṣù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ hu tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó lè jẹun dáadáa.

Ibi tí a gbin wọ́n sí tún dá kún un. Oògùn tí a bá gbé mì ń gba inú ìfun wọ inú iṣan tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀ kí ó tó dé ibòmíràn nínú ara. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni àwọn erékùṣù tuntun kọ́ ilé sí, nítorí náà àwọn ni oògùn kọ́kọ́ ń bá pàdé nígbà tó ṣì le.

Ẹ̀rí kan tún wà tó yà mí lẹ́nu. Láti ọdún 1977 ni àwọn dókítà ní Yunifásítì Minnesota ti ń yọ páńkíríàsì àwọn tí àìsàn rẹ̀ ń fi ìrora pa, tí wọ́n á sì dá erékùṣù ẹni náà padà sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun ìní ara ẹni ni, kò sí ogun, kò sí oògùn ẹ̀ṣọ́. Nínú àwọn wọ̀nyí, àwọn kan wà tí erékùṣù wọn ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí wọ́n dá padà kò pọ̀. N kò sọ pé àìsí oògùn nìkan ló fà á, nítorí ogun ara pẹ̀lú kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé erékùṣù lè pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ bí a bá fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Bí ó ṣe kàn wá nílé

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni ti Edmonton ní tiwa? Èyí tó sún mọ́ wa ni kíndìnrín. Ní ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kíndìnrín sí ara ènìyàn ní Nàìjíríà, ní ìlú Èkó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Tacrolimus, prednisolone àti mycophenolate ni ọ̀pọ̀ àwọn tó gba kíndìnrín ń lò. Erékùṣù tí Ọlọ́run dá mọ́ wọn ni oògùn náà ń bá pàdé, kì í ṣe èyí tí a gbìn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń dì mú. Ewu yìí pọ̀ sí i fún ẹni tó ti dàgbà, ẹni tó sanra, ẹni tí òbí rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, àti fún àwa aláwọ̀ dúdú. Ìyá wa ní àtọ̀gbẹ. Nítorí náà, erékùṣù àbúrò mi ti lè máa mí gúlegúle tẹ́lẹ̀ kí oògùn tó gbé ẹrù lé e.

Ohun kan tún wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó gba kíndìnrín mọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń ya àwòrán àjogúnbá àwọn ẹ̀yà ènìyàn káàkiri àgbáyé, tí wọ́n pe iṣẹ́ náà ní HapMap, àwọn Yorùbá ìlú Ìbàdàn wà lára àwọn ẹ̀yà tí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Láti ara irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wa jogún ẹ̀dà kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní CYP3A5, nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó kò ní i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú tacrolimus palẹ̀ nínú ara. Nítorí náà, ẹni tó ní i sábà máa ń nílò tacrolimus ní ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì kí ó tó pé iye tó yẹ nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí a bá fún ọmọ Yorùbá ní ìwọ̀n òyìnbó, ó lè kéré jù, ara rẹ̀ á sì kọ kíndìnrín. Bí a bá sì gbé e ga láìwọn ẹ̀jẹ̀, ó lè pọ̀ jù, erékùṣù àti kíndìnrín náà á sì jìyà, nítorí tacrolimus tó pọ̀ jù ń ba kíndìnrín pàápàá jẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tó ń sọ òótọ́ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wọn iye oògùn tó kù nínú ara kí a tó lo ti òwúrọ̀. Kì í ṣe iye hóró tí ọ̀rẹ́ wa tó wà ní London ń lò.

Èmi àti àbúrò mi jọ lọ rí dókítà rẹ̀. Obìnrin onísùúrù ni. Kò bínú nígbà tó gbọ́ ohun tí àbúrò mi ń gbèrò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ṣúgà yín bá ga, ǹjẹ́ a ní oògùn fún un?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Bí ara yín bá kọ kíndìnrín ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ní òmíràn tí wọ́n lè fún yín?" Àbúrò mi wo ojú mi, ó sì dákẹ́.

Ó wá ṣàlàyé ohun tí ó ṣeé ṣe. A lè dín prednisolone kù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àbójútó. A lè wọn tacrolimus kí a sì fi í sí ibi tó kéré jù tí kò léwu. A lè fi oògùn ẹ̀ṣọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀ fún àwọn kan bí ó bá di dandan. Ohun tó ya èmi lẹ́nu jù ni pé ó ní kí àbúrò mi gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì fún ìgbà díẹ̀. Èrò wa ni pé abẹ́rẹ́ ni òpin ọ̀nà. Ó ní, "Rárá o, ìsinmi ni." Ó sọ fún wa nípa iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Vienna, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2012. Ènìyàn 50 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kíndìnrín ni wọ́n lò. Wọ́n tètè fún àwọn 25 ní ínsúlínì ní kété tí ṣúgà wọn gòkè, wọ́n sì tọ́jú àwọn 25 yòókù bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní òpin ọdún kan, kò sí ẹnì kan nínú àwọn ti ìṣáájú tó ṣì ń gba ínsúlínì, ṣùgbọ́n méje nínú àwọn yòókù ló ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Erékùṣù tí a bá gba ẹrù lórí rẹ̀ nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ lè tún dìde. Èyí tí a bá ń nà lẹ́gba lè má dìde mọ́.

Àbúrò mi gba abẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Lónìí, oògùn oníhóró kan ló ń lò fún ṣúgà, ó ń rìn fún wákàtí kan ní ìdájí, ó sì ti dín ìrẹsì àti ẹ̀bà alaalẹ́ kù. Àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò lọ tán. Kíndìnrín rẹ̀ kò sì kọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀ṣọ́ tuntun tí wọ́n ń wá

Àwọn onímọ̀ kò fọwọ́ lẹ́rán. Láti ọdún 2011 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí belatacept fún àwọn tó gba kíndìnrín, oògùn tí kì í di kọ́kọ́rọ́ calcineurin mú rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, ó sì wọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n tún fọwọ́ sí gbígbin erékùṣù láti ara òkú gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú fún àwọn alátọ̀gbẹ kan tí ṣúgà wọn ń já wálẹ̀ lójijì, wọ́n pè é ní Lantidra. Ní Britain, NHS ti ń san owó irú rẹ̀ láti ọdún 2008.

Ní ọdún 2025, ìròyìn méjì jáde tí a gbọ́dọ̀ kà pọ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Vertex, tó ti mọ bí a ṣe ń mú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ dàgbà di erékùṣù láìdúró de òkú. Nínú ènìyàn 12 tó gba odindi ìwọ̀n, mẹ́wàá ni kò nílò abẹ́rẹ́ ínsúlínì mọ́ ní òpin ọdún kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń lo oògùn ẹ̀ṣọ́, ẹnì kan nínú iṣẹ́ ìwádìí náà sì kú nípa àrùn olú kan tó mú ọpọlọ, irú èyí tó máa ń rí àyè wọlé nígbà tí ọmọ ogun ara bá ti rẹlẹ̀. Owó iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe ti ṣúgà nìkan.

Ìròyìn kejì wá láti Uppsala, ní Swídìn. Wọ́n tún àjogúnbá inú erékùṣù kan ṣe kí ọmọ ogun ara má baà dá a mọ̀ ní àlejò, wọ́n sì gbìn ín sínú iṣan apá ọkùnrin kan tó ní àtọ̀gbẹ, láìfún un ní oògùn ẹ̀ṣọ́ kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, erékùṣù náà ṣì wà láàyè, ó sì ń ṣe ínsúlínì. Ohun tí wọ́n gbìn kéré, ọkùnrin náà ṣì ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo sì ni. Síbẹ̀, ó fi ọ̀nà kan hàn: bóyá lọ́jọ́ iwájú, a ó mú kí àlejò jọ ọmọ ilé, kí a má ní láti so ọwọ́ gbogbo ọmọ ogun ilé.

Kí ọjọ́ náà tó dé, oògùn tó wà lọ́wọ́ wa ni a ó máa lò, ọgbọ́n ni a ó sì fi máa lò ó. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹni yín gba kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ gbà á: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà wò kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ béèrè iye tacrolimus tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan tí yóò wà nílé. Ẹ má fi àgbo kankan kún oògùn náà láìsọ fún dókítà, ẹ sì yẹra fún ọsàn gírépù, nítorí ó ń mú kí tacrolimus pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà bá gòkè, ẹ tètè wí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, kì báà jẹ́ fún ọjọ́ kan.

Àbúrò mi sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé òun ti fi aago sórí fóònù òun fún tacrolimus òwúrọ̀ àti ti alẹ́, òun sì tún ti fi òmíràn sí i fún yíyẹ ṣúgà wò. Ìyá wa, tí òun náà ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tirẹ̀, ti ní kó ṣe irú rẹ̀ sórí fóònù tòun náà. Àwọn méjèèjì jọ ń ka iye ṣúgà wọn fún ara wọn lórí fóònù ní àràárọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá sì ga ló ń san owó káàdì ọ̀sẹ̀ náà.